Èsì: Àtẹ̀jíṣẹ́ ń lọ, àwọn ìyá ò padà wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára

Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ẹ kọ̀wé pé ẹ ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán àwọn ìyá létí ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ wọn nítorí ìwádìí kan tí ẹ kà, síbẹ̀ wọn ò padà wá, ọ̀gá yín ní káńsù ò sì fetí sílẹ̀. Ẹ dá àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn dúró ná, kí ẹ wá ìdí tí wọn ò fi wá. Òótọ́ ni ìwádìí tí ẹ kà: ìránnilétí máa ń mú kí ọmọ púpọ̀ sí i gba abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbàgbé ọjọ́ ló wà fún. Ìyá tó dé ọ̀dọ̀ yín tí wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti tán kò gbàgbé nǹkan kan.

1. Ẹ ṣí rẹ́jísítà. Àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ ti ọ̀sẹ̀ 14 lẹ́yìn ìbí tí ẹ ò rí mọ́ fún ti oṣù 9, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Àlàfo ibẹ̀ gùn, ìgbàgbé lè wọ̀ ọ́. Àwọn tó sá láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 10, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀: àlàfo ibẹ̀ kò gùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nǹkan mìíràn ló dá wọn dúró.

2. Ẹ pe àwọn ìyá ọmọ wọ̀nyí lórí fóònù. Ẹ má bèèrè pé "Kí ló dé tí ẹ ò wá?", wọ́n á rò pé ẹ fẹ́ bá àwọn wí. Ẹ ní, "Báwo ló ṣe lọ lọ́jọ́ tí ẹ wá kẹ́yìn?" Ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà lè sọ pé ọjọ́ abẹ́rẹ́ yín gan-an ni ọkọ̀ ata ń já ọjà. Ọjọ́ ni kí ẹ yí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. (Ẹ yẹ nọ́ńbà wò pẹ̀lú o, nítorí ó lè jẹ́ ti bàbá ọmọ ló wà nínú káàdì.)

Ní ti ọ̀gá yín ní káńsù tí kò fetí sílẹ̀, ojú ewé rẹ́jísítà yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn án. Ìwé ìwádìí lè tẹ̀ lé e.