Áàpù ìdókòwò tí wọ́n ní kí ẹ wá fowó sí ní Abẹ́òkúta: bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè òkun

Ẹ kú ìrọ́jú àjò o. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi nìyí: àbúrò yín obìnrin tó ń ta àdìrẹ ní Ìtókù fi líǹkì áàpù kan ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ó ní àwọn tí kò tíì dókòwò rí ni wọ́n ṣe é fún, pé ₦20,000 lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, pé ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé ìjọba lọ́wọ́, wọ́n sì ní ọ́fíìsì ní Pánṣẹ́kẹ́. Ó fẹ́ kí ẹ fi $500 kún tòun. Ẹ̀yin wà ní Houston, ẹ kò lè yọjú, ẹ wá ń béèrè bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí gbájú-ẹ̀.

Ìwé ìjọba yẹn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ni wọ́n fi ń mú èèyàn jù. Ẹ ní kó ya fọ́tò rẹ̀ kó fi ránṣẹ́. Tí wọ́n bá kọ Corporate Affairs Commission sí i lórí, tí nọ́ńbà RC sì wà lára rẹ̀, ìwé CAC nìyẹn. CAC kàn ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ẹni tó fẹ́ máa ta gúgúrú lè gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì kúrò nílé. Kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti máa gbowó lọ́wọ́ aráàlú pé òun ń bá wọn dókòwò. Ìwé SCUML tó ń wá láti ọ̀dọ̀ EFCC náà kò fúnni láṣẹ yẹn. Ọ̀rọ̀ fífọ owó ẹ̀gbin ló wà fún. Àṣẹ owó yíyá tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń fúnni kò kàn án rárá, ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì mọ sí àárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó wà nídìí CBEX, áàpù ìdókòwò tó dojú dé ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ní ìwé CAC, ó sì ní ti SCUML. Ohun tí kò ní ni àṣẹ SEC (Securities and Exchange Commission), àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdókòwò, òun gan-an ló sì yẹ káwọn èèyàn béèrè.

Ọ́fíìsì ńkọ́? CBEX ní ọ́fíìsì ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn. Nígbà tí owó há, àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè ya lọ síbẹ̀, wọ́n sì kó àga àti fáànù. Yàrá méjì, jẹnẹrétọ̀ kan àti báńà lẹ́nu ọ̀nà kò náni lówó púpọ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni lọ wò ó. Ẹni tí ẹ bá rán, wọ́n á fún un ní mínírà, á sì padà wá bá yín pé ibẹ̀ dáa.

Ẹ lọ sí sec.gov.ng fúnra yín, ẹ wá ibi tí wọ́n to àwọn capital market operators, ìyẹn àwọn ilé-iṣẹ́ tí SEC fún láṣẹ, sí. Orúkọ áàpù kọ́ lẹ máa tẹ̀ síbẹ̀ o, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni ín ni, torí méjèèjì kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ fa wẹ́ẹ̀bù wọn lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá tàbí kí ẹ ka Terms and Conditions wọn. Orúkọ tó parí sí Limited níbẹ̀ lẹ fẹ́. Tí ẹ kò bá rí orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu mọ́, ẹ ti rí ìdáhùn.

Tí orúkọ bá jáde, ẹ wo irú àṣẹ tó gbà, kí ẹ sì fi wé ohun tí áàpù ní òun ń ṣe. Broker ló ń bá èèyàn ra ìpín ìdókòwò, tó sì ń bá a tà á. Fund manager ló ń kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ tó ń fi dókòwò. Digital sub-broker ni áàpù tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, tó ń gbé e fún broker gidi. Ẹ bi wọ́n léèrè broker wo ni, kí ẹ sì wá ìyẹn náà lórí SEC. Àṣẹ yìí kò tíì pẹ́: ní oṣù kejìlá ọdún 2020 SEC kìlọ̀ fún aráàlú nípa Chaka, ní 2021 Chaka yìí kan náà ló kọ́kọ́ gba àṣẹ digital sub-broker. Tó bá jẹ́ investment adviser ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ, ìmọ̀ràn ni wọ́n fún un láṣẹ láti máa tà. Kí ló wá ń fi owó yín ṣe?

Àwọn kan tún gbọ́n ju èyí lọ. Wọ́n á mú orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ní àṣẹ lóòótọ́, wọ́n á fi ṣe áàpù tiwọn, wọ́n á yí lẹ́tà kan padà nínú àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ gba nọ́ńbà fóònù tàbí ímeèlì lára àkọsílẹ̀ SEC, kí ẹ pè wọ́n, kí ẹ béèrè pé: “Ṣé ẹ̀yin lẹ ni áàpù tó ń jẹ́ báyìí?” Nọ́ńbà tó wà nínú gúrúùpù WhatsApp kò wúlò fún èyí, ẹni tó fẹ́ tan yín ló máa gbé e.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró síbẹ̀. Lójú tèmi, ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ló wúwo jù: orúkọ ta ni ohun tí ẹ rà wà? Àṣẹ lè wà lónìí kí wọ́n gbà á padà lọ́la, ilé-iṣẹ́ lè wọ gbèsè. Tí ohun ìní yín bá wà lórúkọ yín níbòmíràn, áàpù lè kú kí ẹrù yín má bá a lọ.

Tó bá jẹ́ ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ń tà, CSCS, ibi tí àkọsílẹ̀ ẹni tó ni ìpín wà, ló ń tọ́jú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àkáǹtì CSCS àti nọ́ńbà kejì tí wọ́n ń pè ní CHN. Kí àbúrò yín ra ìpín díẹ̀, kó béèrè nọ́ńbà méjèèjì, kó sì lọ wò ó lọ́dọ̀ CSCS fúnra rẹ̀, láì gba inú áàpù. Tí iye tó wà níbẹ̀ bá bá ti áàpù mu, ó dáa. Tí wọ́n bá ní “ó wà lọ́dọ̀ wa, ẹ fọkàn balẹ̀”, nọ́ńbà tí wọ́n yà sójú fóònù ni wọ́n tà fún un.

Tó bá jẹ́ mutual fund ni, ìyẹn owó ọ̀pọ̀ èèyàn tí fund manager kó pọ̀, ẹ béèrè orúkọ fọ́ǹdù náà gan-an. SEC máa ń gbé àkọsílẹ̀ gbogbo fọ́ǹdù tó forúkọ sílẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú iye tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó. Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìwé fọ́ǹdù náà gbọ́dọ̀ dárúkọ trustee àti custodian, ìyẹn àwọn tó ń di ohun ìní mú kó má baà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ná an kiri. Tí orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo bá wà níwájú iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta (fund manager, trustee àti custodian), ẹ fi sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìpín Amẹ́ríkà, bíi Apple, ni wọ́n ní àwọn ń tà fún un, broker kan gbọ́dọ̀ wà lọ́hùn-ún. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú BrokerCheck ti FINRA, àjọ tó ń mójú tó àwọn broker ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni. Tí broker náà bá wà nínú SIPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà àwọn broker Amẹ́ríkà, tó sì kógbá sílé, ààbò tó wà fún oníbàárà dé $500,000, tí owó lásán inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju $250,000 lọ. Ààbò yìí kò kan kí owó ìpín já wálẹ̀ o. Àmì mìíràn tún wà: ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, gbọ́dọ̀ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù W-8BEN kó tó ra ìpín Amẹ́ríkà, wọ́n á sì máa yọ ìdá 30 nínú 100 lára dividend rẹ̀ (èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ìpín) fún owó orí. Áàpù tó ní òun ń ta ìpín Amẹ́ríkà tí kò mẹ́nu ba fọ́ọ̀mù yìí rí, kò jọ pé ó rà á níbì kankan.

Ẹ wá wo èrè. Ìdá 1 péré nínú 100 lójúmọ́ kò jọ nǹkan lójú. Àmọ́ tí èrè bá ń gun orí èrè, ₦100,000 á lé ní ₦3,700,000 lẹ́yìn ọdún kan. MMM, ètò gbájú-ẹ̀ tó gbòde nígbà kan, ṣèlérí ìdá 30 lóṣù, ó sì ti owó àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2016. Ẹ fi wé bọ́ǹdì FGN Savings Bond tí DMO, ọ́fíìsì tó ń mójú tó gbèsè ìjọba àpapọ̀, ń tà lóṣooṣù: ₦5,000 lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ọdún 2 tàbí 3 ni, wọ́n ń san èlé ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ní gbogbo 2025 èlé rẹ̀ kò sì dé ìdá 20 lọ́dún. Ìjọba tó ń wá owó lójú méjèèjì kò lè san ju ìyẹn lọ. Ibo wá ni áàpù tó bá ṣèlérí ìdá 30 lóṣù ti ń rí i? “Robot AI ló ń bá wa ṣòwò” kì í ṣe ìdáhùn. Ìdókòwò gidi máa ń ní ọjọ́ tí owó á dín. Tí àwòrán èrè tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ bá ń gòkè lójoojúmọ́ láìjá rí, ẹnì kan ló ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Owó ìfiniwọlé, tí wọ́n ń fún ẹni tó bá mú ẹlòmíràn wá, ńkọ́? Áàpù tó mọ́ pàápàá lè fún èèyàn ní owó táṣẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan tó bá mú ọ̀rẹ́ wá. Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú gbogbo owó tí ọ̀rẹ́ náà fi sílẹ̀, tó tún kan ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́, owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni wọ́n fi ń san èrè ẹni tó ti wà níbẹ̀. Òfin Investments and Securities Act ti 2025 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ gbangba: owó ìtanràn rẹ̀ kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sì wà níbẹ̀.

Nígbà tí àbúrò yín bá fẹ́ fowó ránṣẹ́, ẹ ní kó tẹ nọ́ńbà àkáǹtì náà, kó dúró, kó má tíì tẹ PIN. Orúkọ tó jáde ni kó kà sí yín létí. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ẹ rí lórí SEC, tàbí orúkọ ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú tiẹ̀ fúnra rẹ̀, ló yẹ kó jáde. Tó bá jẹ́ orúkọ ènìyàn, tàbí “Ventures” kan tí ẹ kò gbọ́ rí, tàbí tí wọ́n ń yí àkáǹtì padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó jáwọ́. Tí wọ́n bá ní USDT, owó kírípítò, ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, tàbí kí ẹ fi Zelle san án fún “agent” wọn ní Houston, ẹ má ṣe é. Báǹkì kankan kò lè bá yín fa USDT padà.

Fóònù rẹ̀: áàpù tí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi fáìlì APK lórí Telegram, kó má fi sórí fóònù rárá. Tó bá wà lórí Play Store, kó tẹ “About this app”, kó wo ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde, kó sì ka àwọn tó fún un ní ìràwọ̀ kan, láti orí èyí tó dé kẹ́yìn. Áàpù ìdókòwò kò nídìí láti máa ka SMS, torí ibẹ̀ ni OTP báǹkì ń wọlé sí.

Ẹ̀yin náà á ti máa rò ó pé kó fi owó kékeré dán an wò, kó fà á jáde. Kó ṣe é, àmọ́ kò fi nǹkan kan hàn àyàfi tí owó bá kọ̀ láti jáde. Gbájú-ẹ̀ tó mọṣẹ́ á san ₦20,000 yẹn kíákíá, pẹ̀lú èrè lórí, torí òun ló máa gbé $500 yín wá.

Ọ̀kan tún kù tó jẹ́ ti ẹ̀yin ará òkè òkun. Tí áàpù náà bá yege, ẹ má fi BVN àbúrò yín ṣí àkáǹtì tiyín. Ohun tó bá wà lórúkọ rẹ̀, tirẹ̀ ni lójú òfin, ìjà ilé sì ń tibẹ̀ wá. Láti 2025 ni NIBSS àti CBN, báǹkì àpapọ̀, ti ṣí ọ̀nà NRBVN, ìyẹn BVN fún ẹni tó wà lókè òkun, $50 ni. Kí orúkọ tó wà lórí BVN, páàsìpọ́ọ̀tù àti àkáǹtì báǹkì bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Orúkọ bàbá níbì kan, orúkọ ọkọ níbòmíràn, ló sábà máa ń há dividend mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì ń san owó orí ní Amẹ́ríkà, tí àpapọ̀ owó inú àwọn àkáǹtì rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè lé ní $10,000 lọ́jọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún, gbọ́dọ̀ kọ FBAR, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń sọ àwọn àkáǹtì òkèèrè fún ìjọba Amẹ́ríkà.

Tó bá jẹ́ pé àbúrò yín ti fowó síbẹ̀, tí wọ́n wá ń sọ pé kó san owó kan kí wọ́n tó jẹ́ kó fa tirẹ̀ jáde, kó má san kọ́bọ̀. Lẹ́yìn tí CBEX há, $100 tàbí $200 ni wọ́n tún ní káwọn èèyàn san láti “fìdí àkáǹtì múlẹ̀”. Owó orí gidi, inú owó yín ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ní òun lè bá a gba owó padà tó bá san owó iṣẹ́ ṣáájú.

Kó pe fraud desk báǹkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má dúró di ọjọ́ kejì, kó ka session ID tó wà lórí rìsíìtì ìfowóránṣẹ́ fún wọn. Ẹyọ nọ́ńbà 30 ló wà nínú session ID náà. Kó kọ̀wé sí SEC, kó sì mú ẹjọ́ lọ sí Eléwé-ẹran, orílé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Abẹ́òkúta, tàbí sí EFCC. Kó má tíì jáde kúrò nínú gúrúùpù WhatsApp wọn o, kó má sì bú ẹnikẹ́ni níbẹ̀: kó kọ́kọ́ ṣe “Export chat”, kó ya fọ́tò nọ́ńbà àwọn alábòójútó gúrúùpù àti gbogbo àkáǹtì tí wọ́n ti gbé síbẹ̀, kó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí yín lórí ímeèlì, torí bí wọ́n bá fura, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sì pa ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ rẹ́.