Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Etí Odò Mersey ní Liverpool

Àwọn lẹ́tà tí a yàn lóṣù yìí, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń nàka sí: etí odò Mersey ní Liverpool, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí èbúté àtijọ́ ti di ibi ìgbafẹ́. Ìdáhùn kan gùn ju èkejì lọ, nítorí ìbéèrè kò wúwo bákan náà.

Ọmọ mi obìnrin ń gboyè ní Manchester lóṣù keje. Ó ní òun á mú mi dé Liverpool lọ́jọ́ kejì ká lọ wo etí omi. Ọjọ́ kan péré la ní, orúnkún sì ń dà mí láàmú. Báwo la ṣe máa rìn ín?
*Ìyá aláṣọ, Tàkìé, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ẹ kú oríire ọmọ, Mà. Ọjọ́ kan tó, bí ẹ bá tètè jáde nílé. Rélùwéè láti Manchester sí ibùdó Lime Street kì í sábà gbà tó wákàtí kan. Láti ibẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ líle lè fẹsẹ̀ rìn dé etí omi láàárín ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n òkè ni àbọ̀. Fún ẹ̀yin, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Merseyrail ló dára. Ẹ wọ̀ ọ́ nínú Lime Street níbẹ̀. Yóò dúró ní Central, lẹ́yìn náà ní James Street, níbi tí ẹ ó ti sọ̀. Bí tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà ní Manchester bá ní “Liverpool Stns” lára, ó gbé yín dé James Street, ẹ má ra òmíràn.

Àbọ̀ ni àlejò ti máa ń ṣìnà. Ṣe ni ọ̀nà irin náà ń yípo lábẹ́ ìlú, apá kan ṣoṣo ló sì ń gbà yí. Ọkọ̀ tó gbé yín dé James Street kò ní padà sí Lime Street; abẹ́ odò ló ń wọ̀ lọ sí Birkenhead lódìkejì. Nítorí náà, tí ẹ bá ń padà, ẹ má lọ dúró síbi tí ẹ ti sọ̀. Ẹ wá pèpéle tí wọ́n kọ Lime Street sí. Ọkọ̀ ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ dúró ní Moorfields, Lime Street ló tẹ̀ lé e.

Láti James Street, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé títì gbòòrò kan, The Strand, kí ẹ sì dúró de iná ẹlẹ́sẹ̀ kí ẹ tó sọdá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Pier Head, gbàgede etí odò, níbi tí ilé ńlá mẹ́ta tó sọ ìlú náà di olókìkí dúró sí: Royal Liver Building (1911) tí ère ẹyẹ méjì bà lé lórí, Cunard Building (1917) àti Port of Liverpool Building (1907). Kí ẹ wá kọjú síhà gúúsù, kí odò wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Museum of Liverpool lẹ ó kọ́kọ́ bá. Ọ̀fẹ́ ni, ó ní lífíìtì, ó ní ilé ìtura, ó sì ní àga. Ẹ sinmi níbẹ̀ dáadáa, torí ọ̀dọ̀ Royal Albert Dock, èbúté àtijọ́ tó kàn, ni iṣẹ́ orúnkún wà. Òkúta ni wọ́n tò sílẹ̀ níbẹ̀, orí wọn kò dọ́gba, gìgísẹ̀ bàtà obìnrin sì máa ń há sáàárín wọn. Bàtà pẹlẹbẹ tó ní ìsàlẹ̀ rọ́bà ni kí ẹ wọ̀. Gèlè ìgboyè, ẹ fi sílẹ̀ ní Manchester: atẹ́gùn odò yẹn kì í ṣeré, agbòòrùn gan-an ló ń yí sódì. Ẹ̀wù òjò tó ní ìborí ló lè dúró níwájú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ oṣù keje.

Bí ọkàn yín bá fẹ́ ọkọ̀ ojú omi, Mersey Ferry ń gbéra láti Pier Head, ìgbafẹ́ orí odò náà sì tó bí àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í sọ fún onórúnkún rèé: omi Mersey máa ń kún, ó sì máa ń fà, ìyàtọ̀ àárín kíkún àti fífà rẹ̀ sì lè tó mítà mẹ́wàá. Ṣe ni pèpéle tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ń léfòó lórí omi, ó ń bá a gòkè, ó ń bá a sọ̀. Nígbà tí omi bá fà, afárá tó so ó mọ́ ilẹ̀ yóò dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kí ọmọ yín fi fóònù wo àkókò tí omi máa kún lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì wọkọ̀ lásìkò yẹn. Afárá yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá lè yẹra fún ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ yẹra, torí ọjọ́ yẹn ni ilẹ̀kùn musíọ́mù máa ń wà ní títì jù.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọ ọkọ̀ Aureol láti Èkó lọ kàwé. Mo fẹ́ rí ibi tó sọ̀ sí ní Liverpool, mo sì fẹ́ wọ musíọ́mù òwò ẹrú. Wọ́n ní Albert Dock ni wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn wa sọ̀ kalẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
*Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́*

Rárá o, sà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ìyẹn palẹ̀. Ọdún 1807 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka òwò ẹrú léèwọ̀. Ọdún 1846 ni wọ́n ṣí Albert Dock. Òwú, tíì, sílíìkì, tábà àti ṣúgà ló gbà. Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ wá mọ́ ṣá, nítorí ẹrú ló ṣì ń ro oko òwú ní Amẹ́ríkà títí di 1865. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gan-an kì í sábà fojú kan Liverpool. Ọkọ̀ yóò kó aṣọ àti ìbọn láti ibẹ̀ wá sí etíkun wa, yóò kó èèyàn lọ sí Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù Caribbean, yóò sì kó ṣúgà padà sílé. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan àbọ̀ èèyàn ni ọkọ̀ Liverpool kó báyìí. Old Dock, tí wọ́n ṣí ní 1715, ni ojúkò òwò náà, abẹ́ ilé ìtajà Liverpool ONE ló sì wà lónìí.

Ní ti musíọ́mù, International Slavery Museum ṣí ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ 2007, ṣùgbọ́n wọ́n tì í ní oṣù kìíní 2025 fún àtúnkọ́ tó máa gba ọdún mélòó kan. Ẹ wo ìkànnì National Museums Liverpool kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Bí ó bá ṣì wà ní títì, ẹ má rò pé ìrìn yín já sásán. Ẹ lọ wo Liverpool Town Hall, tí kò jìnnà sí James Street. Ẹ gbójú sókè wo ara ògiri rẹ̀: orí ọmọ Áfíríkà àti erin ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, àwọn tó ń jẹ èrè òwò náà kò sì fi í pamọ́. Lẹ́bàá The Strand, òpópónà kan ń jẹ́ Goree, orúkọ erékùṣù kan nílẹ̀ Senegal tí ìtàn òwò ẹrú mọ̀ dáadáa. Lójú tiwa, nǹkan méjèèjì yìí ń sọ̀rọ̀ ju pátákó àlàyé púpọ̀ lọ.

Aureol jẹ́ ti iléeṣẹ́ Elder Dempster. Ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn Liverpool sí Èkó ní 1951, wọ́n gbé e lọ sí Southampton ní 1972, ó sì ṣíwọ́ ní 1974. Princes Landing Stage, pèpéle àtijọ́ kan létí odò, lèrò rẹ̀ ti ń wọ̀, tí wọ́n sì ti ń sọ̀. Wọ́n ti tú pèpéle náà, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ kò sọnù: ẹ dúró ní Pier Head, ẹ kọjú sí odò, kí ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Níbi tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá ń gúnlẹ̀ sí báyìí, àgbègbè ibẹ̀ náà ni.

Wọ́n kọ́ wa pé kò sí igi nínú ilé Albert Dock. Kí ló fà á? Báwo ni omi inú rẹ̀ kì í ṣe í bá odò fà? Kí ló sì pa á?
*Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yíyàwòrán ilé, LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́*

Iná ló fà á. Òwú àti ọtí líle nínú ilé onígi, ìtànná kan ti tó. Jesse Hartley, ẹnjinníà èbúté náà, pẹ̀lú Philip Hardwick wá fi bíríkì, òkúta àti irin nìkan kọ́ ọ. Òrùlé pàápàá, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n so pọ̀ ni. Abẹ́ ìpìlẹ̀ nìkan ni igi wà, òpó tí wọ́n gún wọ inú ẹrẹ̀. Níbi tí omi kì í gbẹ, tí afẹ́fẹ́ kò sì dé, igi kì í tètè jẹrà. Bí o bá débẹ̀, fi ìka kan àwọn òpó pupa ńlá etí omi: ihò ni inú wọn, irin tí wọ́n yọ́ dà ni. Kíyè sí ibi tí ìtò òpó náà ti já tí ògiri sì tẹ̀ bí ọrun. Àyè tí ẹ̀rọ agbẹ́rù fi ń yí apá nìyẹn. Inú ọkọ̀ ni ẹrù ti ń bọ́ sínú ilé tààrà, olè kò ráyè, ọkọ̀ kò sì pẹ́ ní ìdúró. Ní 1848, wọ́n fi ẹ̀rọ agbẹ́rù tí agbára omi ń gbé kún un.

Ti omi: ògiri òkúta ló ká adágún omi inú èbúté náà, ilẹ̀kùn ńlá ló sì dí ẹnu rẹ̀. Nígbà tí odò bá kún ni wọ́n ń ṣí i fún ọkọ̀. Kó tó fà, wọ́n ti tì í.

Ikú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ onígbòkun ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Ọkọ̀ oníirin tó ń lo agbára ooru omi dé, ó fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ntéénà dé, tí wọ́n kọ́ ibùdó rẹ̀ sí Seaforth, tí wọ́n sì ti Albert Dock pa ní 1972. Nígbà tí wọ́n fi ilẹ̀kùn omi sílẹ̀ ní ṣíṣí, gbogbo ìgbà tí odò bá kún ló ń kó ẹrẹ̀ wọlé, títí adágún fi di pẹ̀tẹ́pẹ̀tẹ́. Ní 1981 ìjọba dá àjọ Merseyside Development Corporation sílẹ̀ láti tún etí omi náà ṣe. Ọdún yẹn náà ni rògbòdìyàn Toxteth, àdúgbò kan ní Liverpool, mú kí Michael Heseltine, mínísítà ìgbà náà, dojú kọ ìlú náà. Kíyè sí ètò iṣẹ́ wọn: wọ́n kọ́kọ́ kó ẹrẹ̀, wọ́n tún ilẹ̀kùn omi ṣe, kí wọ́n tó dé orí ilé. Ẹni tó bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí etí omi tó ń rùn yóò jókòó tì í ni. Ní 1988 wọ́n tún un ṣí. UNESCO fi etí omi náà sára ohun àjogúnbá ayé ní 2004, ó sì yọ ọ́ ní 2021 nítorí àwọn ilé tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ síhà àríwá. Àríyànjiyàn yẹn kò tíì parí, ó sì lè dára fún iṣẹ́ ìwádìí rẹ.

Ṣé oúnjẹ tí owó rẹ̀ kò gani lára wà níbẹ̀?
*Òǹkàwé láti Ọwọ́dé, Ọ̀yọ́*

Etí omi ló wọ́n jù. Ẹ rìn lọ sí Bold Street, lẹ́bàá ibùdó Central, níbi tí oúnjẹ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wà. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ dání, abẹ́ òrùlé ni kí ẹ ti jẹ ẹ́. Ẹyẹ etí òkun funfun ibẹ̀ kì í bẹ̀rù èèyàn. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbà wá, wọ́n á sì já a gbà lọ́wọ́ yín.