Ẹ̀rọ Aláriwo àti Àṣàrò: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé

Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà tí ó tẹ̀ wá lọ́wọ́ dá lórí àwọn ẹ̀rọ tí ń lo iná mànàmáná láti mú ìró jáde, tí àwọn tí ń tà wọ́n sì ń sọ pé wọ́n wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe àṣàrò. A kó wọn pọ̀ síhìn-ín nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn so mọ́ra.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Mo rí ìpolówó ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ní íápíìsì méjì. Wọ́n ní bí mo bá fi í sí etí fún ìdajì wákàtí, ìgbì inú ọpọlọ mi yóò yí padà, n ó sì dé ibi ìfọ̀kànbalẹ̀ tí àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn tí ó fi ayé wọn fún àṣàrò, ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wá. Owó rẹ̀ pọ̀. Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ?

Ìdáhùn: Ó dára tí ẹ béèrè kí ẹ tó yọ owó. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìpolówó náà, òótọ́ díẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sì fi ń ta ìyókù. Òótọ́ ni pé ọpọlọ ní ìgbì iná mànàmáná: Hans Berger, dókítà ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó kọ́kọ́ gba irú ìgbì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti orí ènìyàn ní ọdún 1924, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1929. Ìgbì tí a ń pè ní alpha, tí ń lọ sókè sódò ní nǹkan bí ìgbà 8 sí 13 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, máa ń pọ̀ nígbà tí ènìyàn bá di ojú láìsùn, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀. Òótọ́ sì tún ni pé bí ìró tí ń gbọ̀n ní ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá bá wọ etí kan, tí èyí tí ń gbọ̀n ní ìgbà 210 sì wọ etí kejì, ènìyàn yóò gbọ́ ohun kẹta tí ń lù ní ìgbà 10, bẹ́ẹ̀ ohun kẹta yìí kò sí níta rárá. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí ohun tí etí méjèèjì gbọ́ ti pàdé, ni ó ti ń jáde wá. Binaural beats ni wọ́n ń pè é. Heinrich Wilhelm Dove, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti ṣàwárí rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1840, àpilẹ̀kọ kan tí Gerald Oster sì kọ sínú ìwé ìròyìn Scientific American ní 1973 ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ nípa rẹ̀.

Ibi tí ìpolówó ti kọjá òótọ́ ni ibi tí ó ti sọ pé ìgbì ọpọlọ yóò máa tẹ̀ lé ìró náà bí oníjó ṣe ń tẹ̀ lé onílù. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí kan kó ìwádìí 14 tí ó ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò jọ, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn PLOS ONE: márùn-ún gbè é lẹ́yìn, mẹ́jọ takò ó, ọ̀kan yòókù sì wà ní agbede méjì. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò tó ohun tí ènìyàn lè fi owó ńlá lé lórí. Kódà bí alpha yín bá tilẹ̀ pọ̀ sí i, kí ni ẹ ti jèrè? Ẹni tí ó kàn jókòó tí ó di ojú, alpha tirẹ̀ náà yóò pọ̀ sí i. Àṣàrò jẹ́ iṣẹ́ tí ọkàn ń ṣe: kí ó gbájú mọ́ ohun kan, kí ó mọ ìgbà tí òun ti ṣáko lọ, kí ó sì padà wá láìbínú sí ara rẹ̀. Kò sí ìró tí ó lè bá yín ṣe ìpadàbọ̀ yẹn, òun gan-an ni ó sì ń gba àwọn mọ́ńkì ní ọdún púpọ̀.

A kò sọ pé asán ni ìró náà o. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Anaesthesia ní 2005, wọ́n pín ènìyàn 108 tí ń retí iṣẹ́ abẹ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbẹ̀rù àwọn tí ó gbọ́ binaural beats fi ìdá 26.3 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ti àwọn tí ó gbọ́ orin kan náà láìsí i dín kù ní ìdá 11.1, ti àwọn tí kò gbọ́ ohunkóhun sì dín kù ní ìdá 3.8. Ohun rere ni èyí fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, ṣùgbọ́n ìtura ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀, wọn kò wọn àṣàrò. Fóònù èyíkéyìí tí ó ní íápíìsì méjì sì lè mú ìró méjèèjì náà jáde, nítorí náà a kò rí ìdí tí ẹ fi ní láti ra ẹ̀rọ ọ̀tọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ àpótí oní-sípíkà kan ni wọ́n ń fi orúkọ yìí tà fún yín, ẹ dá a padà, nítorí pé inú afẹ́fẹ́ ni ìró méjèèjì yóò ti dàpọ̀ kí wọ́n tó dé etí.

Ìbéèrè: Àdúgbò wa kì í dákẹ́. Mo máa ń tan ẹ̀rọ kan tí ń dún ṣàà bí òjò kí n tó jókòó ṣe àṣàrò. Ọ̀rẹ́ mi ní ara mi ni mò ń tàn, pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni àṣàrò. Ṣé kí n jáwọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má jáwọ́. Ohun tí ń gbé ọkàn ẹni lọ nínú ariwo àdúgbò ni ìyípadà òjijì: ilẹ̀kùn tí ó gbá, ọkọ̀ tí ó fọn fèrè, ẹni tí ó ké. Bí ìró kan tí kì í yí padà bá ti kún yàrá, ìwọ̀n tí àwọn ìró òjijì wọ̀nyí fi ga ju ohun tí etí ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ lọ yóò dín kù, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní lè ta ọkàn jí mọ́. Kò sí àdììtú kankan nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní white noise ní agbára kan náà káàkiri gbogbo ìró tí etí lè gbọ́, òun ni ó fi máa ń ha létí díẹ̀. Pink noise dín agbára àwọn ìró òkè kù, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ó rọ̀ létí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti ọdún 1962 ni wọ́n ti ń ta fáànù kékeré inú àpótí fún irú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, oorun ni wọ́n sì ń tà á fún nígbà náà.

Ní ti ọ̀rẹ́ yín, ẹ bá wa sọ fún un pé ìró kì í ṣe àjèjì sí àṣàrò. Nínú àwọn tẹ́ḿpìlì Búdà ní Ṣáínà, àpótí kékeré wà tí ń ké orin ẹ̀sìn ní àkétúnké. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin FM3 wò ṣe Buddha Machine tí wọ́n gbé jáde ní 2005, tí orin kéékèèké mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀. Àkétúnké yìí ni kí ẹ fi etí sí dáadáa nínú ẹ̀rọ tiyín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò wọ́n jẹ́ ìró ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá ti mọ ibi tí ó ti so pọ̀, ọkàn yín yóò bẹ̀rẹ̀ sí dúró de ibẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò sì wá di ìdílọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Fáànù lásán sàn jù ú lọ. A sì rọ̀ yín pé kí ẹ máa dín ìró náà kù díẹ̀díẹ̀ bí ó bá ti ń mọ́ yín lára, títí àṣàrò yín yóò fi lè dúró ní ọjọ́ tí iná kò bá sí nínú ẹ̀rọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ kan ní òun ń mú ìró 7.83 Hertz (ìyẹn èyí tí ń gbọ̀n ní ìgbà 7.83 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) jáde, pé ìró ayé fúnra rẹ̀ ni. Kí ni ẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ìgbì 7.83 Hertz wà lóòótọ́. Winfried Otto Schumann, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1952, mànàmáná tí ń kọ lójú ọ̀run káàkiri ayé ni ó sì ń fà á. Ṣùgbọ́n ìgbì iná mànàmáná ni, kì í ṣe ìró. Etí ènìyàn kì í sì í sábà gbọ́ ìró tí kò tó 20 Hertz, bẹ́ẹ̀ ni sípíkà kékeré kò lè mú un jáde. Ìró mìíràn ni ẹ ń gbọ́ nínú ẹ̀rọ yẹn.

Ìbéèrè: Ìdájí ni mo máa ń ṣe àṣàrò, ọmọ mi tí kò tíì pé ọdún kan sì máa ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣé ẹ̀rọ ìró tí mò ń tàn kò ní pa á létí?

Ìdáhùn: Ó lè pa á létí bí ó bá ròkè jù, tàbí bí ó bá sún mọ́ ọn jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àyè ìró 80 dẹ́síbẹ̀lì (òdiwọ̀n bí ìró ṣe ròkè tó) sílẹ̀ fún àgbàlagbà fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, àkókò yẹn sì ń dín sí ìdajì ní gbogbo ìgbà tí ìró bá fi dẹ́síbẹ̀lì 3 ga sí i. Fún ọmọdé, 75 dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n. Nígbà tí àwọn dókítà kan yẹ irú ẹ̀rọ 14 tí wọ́n ń tà fún oorun ọmọ ọwọ́ wò ní 2014, mẹ́ta nínú wọn kọjá 85 dẹ́síbẹ̀lì nígbà tí wọ́n gbé ìró wọn dé òpin. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín jìnnà sí orí ọmọ tó mítà méjì ó kéré tán, ẹ dín ìró rẹ̀ kù dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì pa á ní kété tí ẹ bá ti parí àṣàrò. Bí tiyín bá jẹ́ irú èyí tí ń ṣẹ́jú iná mọ́ ìró rẹ̀, ẹ má ṣe tàn án níwájú ọmọ náà rárá, nítorí pé iná tí ń ṣẹ́jú kíákíá lè gbé wárápá dìde lára ẹni tí ó bá ní i, ẹ kò sì tíì lè mọ̀ bóyá ọmọ yín wà lára wọn.