Ṣé rìmù ínṣì 18 lè rọ́pò ti 17 lára BMW 3 Series?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè rọ́pò rẹ̀, bí ẹ̀gbẹ́ táyà tuntun bá kúrú sí i, kí gíga rìmù àti táyà lápapọ̀ má baà yí padà. Táyà 225/45R17 (ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 225, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú yẹn, rìmù rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 17) ga tó nǹkan bíi mìlímítà 634, 225/40R18 sì ga tó 637. Ìyàtọ̀ yìí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà aago tó ń ka eré ọkọ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà. Ihò nọ́ọ̀tì, ìbú rìmù àti ìwọ̀n ẹrù tí táyà lè gbé gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ mu. Níbi tí kòtò bá pọ̀ lójú ọ̀nà, ínṣì 17 ló sàn jù, nítorí pé táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú kì í lè dáàbò bo rìmù kó má tẹ̀.