Níbo gan-an ni Òkè Ọya ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè tó wá nìyí: "Ilẹ̀ Hausa ni wọ́n ń pè ní Òkè Ọya, àwọn kan sì tún ń pe ará Ìlọrin bẹ́ẹ̀. Òkè wo ni? Ṣé Ọya aya Ṣàngó ni? Kí ló sì kan Jẹ́bà nínú ọ̀rọ̀ náà?"

Òkè yìí kì í ṣe èyí tí à ń gùn, kì í sì í ṣe apá òkè àwòrán ilẹ̀. Òkè tó wà nínú "òkè òkun" ni. Ẹni tó lọ sí Brazil lọ sí òkè òkun, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ni Brazil wà sí wa lórí àwòrán ilẹ̀. Òdìkejì omi ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Òkè Ọya, òdìkejì Odò Ọya nìyẹn, odò tí òyìnbó ń pè ní Niger, tí Tápà ń pè ní Edu, tí Hausa ń pè ní Kwara. Orúkọ òyìnbó la fi sọ ìpínlẹ̀ kan àti orílẹ̀-èdè, orúkọ Hausa la fi sọ ìpínlẹ̀ mìíràn, Tápà náà rí ìjọba ìbílẹ̀ Edu fi orúkọ tirẹ̀ sọ. Tiwa, ẹnu èèyàn ló ń gbé.

Tó bá jẹ́ odò ni ààlà, Ìlọrin kò sí ní Òkè Ọya. Kábbà kò sí níbẹ̀, Lọ́kọ́ja kò sí níbẹ̀. Kódà Bússà Tuntun, tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Niger, ìhà ìhín odò ló wà. Ìjọba ló da ọ̀rọ̀ náà rú: ẹkùn Àríwá ni wọ́n ka Ìlọrin àti Kábbà mọ́ títí di oṣù karùn-ún 1967, nígbà tí Gowon, olórí ìjọba ológun, pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ẹnu ti mọ́ ọn nígbà náà pé Òkè Ọya àti Àríwá, ọ̀kan náà ni. Àṣìlò ni. Bí ará Ìlọrin bá bínú sí i, ó tọ́ sí i.

Jẹ́bà ni ibi tí èèyàn ti lè dúró kó fojú ara rẹ̀ rí ààlà yẹn. Apá gúúsù ìlú wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Mórò ní Kwara. Apá àríwá wà ní Mọ́kwà ní ìpínlẹ̀ Niger. Erékùṣù kan wà láàárín omi, ibùdó Tápà látijọ́. Ìdajì ìlú kan ṣoṣo wà ní Òkè Ọya nìyẹn, ìdajì kò sí níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ náà nìyí tí iye èèyàn Jẹ́bà fi máa ń da àwọn òǹkọ̀wé láàmú. Ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n fi gbé èsì ìkànìyàn 2006 jáde: Mórò 108,792, Mọ́kwà 244,937. Inú méjèèjì ni Jẹ́bà pín sí. Ẹni tó bá sọ iye kan fún yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé etí odò wo ló kà. Èdè Tápà, Yorùbá àti Hausa ni ẹ ó máa gbọ́ lọ́jà níbẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni gbogbo nǹkan ti ń sọdá? Òkúta ni. Àpáta há odò náà mọ́ níbẹ̀, erékùṣù sì pín in sí méjì, kò wá ṣòro láti tẹ́ afárá lé e lórí bíi ti ibi tó fẹ̀. Rélùwéè láti Èkó dé Jẹ́bà ní 1909. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá kí afárá tó parí ní 1916. Àpáta kan náà ló fọ́ Dayspring, ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó, ní oṣù kẹwàá 1857. Òyìnbó kan, Glover, tí àwọn Èkó wá mọ̀ sí Gólóbà nígbà tó di gómìnà wọn, wà lára àwọn tí ọkọ̀ náà já sílẹ̀; ilẹ̀ ló gbà dé Èkó, ó gba Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá. Lugard, òyìnbó tó ń ṣàkóso Àríwá nígbà náà, fi Jẹ́bà ṣe ibùjókòó ìjọba rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó kó lọ sí Zungeru ní 1902.

Ó ku Ọya fúnra rẹ̀. Òun náà ni, aya Ṣàngó. Àwọn tó ń jiyàn máa ń fa ọ̀rọ̀ yìí yọ: "Ṣàngó wọlẹ̀ ní Kòso, Ọya wọlẹ̀ nílé Irá." Irá wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yún, ó jìnnà sí odò. Kò sí ìjà níbẹ̀: ibi tí òrìṣà wọlẹ̀ sí yàtọ̀ sí omi tó jẹ́ tirẹ̀. Ìtàn kan sọ pé ọmọbìnrin ọba Tápà ló fa aṣọ dúdú ya, tó jù ú sílẹ̀, tí aṣọ náà sì di omi tó yí ìlú wọn ká kí ọ̀tá má baà wọlé. Ó ya, ló di Ọya. Bí "dẹ" ṣe bí ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ni "ya" lè bí Ọya. Oríkì rẹ̀ ni Ìyá-mẹ́sàn-án, òun ló di Iansã ní Brazil, níbi tí àkàrà ti jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ títí dòní.

Dúdú tí aṣọ náà dú, kò jọ pé wọ́n kàn fi sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọya máa ń kún lọ́dún. Èyí tó ń wá láti oṣù kẹjọ, òjò ilẹ̀ Hausa ló ń gbé e wá, ó kún fún ẹrẹ̀, omi funfun ni wọ́n ń pè é. Èkejì gbéra láti orísun odò ní Guinea, ó tẹ́ ká inú àbàtà Mali fún oṣù mélòó kan, ó sì fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, omi náà mọ́, ó dúdú. Odò tó ń kún nígbà tí òjò kò rọ̀! Lónìí, ìdídò (dam) Kainji (1968) àti ti Jẹ́bà (1985) ló ń pinnu ìgbà tí omi ń wá. Omi tí Kainji bá tú sílẹ̀ ni Jẹ́bà ń lò, bí wọ́n bá sì tú u púpọ̀ lásìkò òjò, oko etí odò ló máa ń kọ́kọ́ bá a lọ.