Ìbéèrè Yín Lórí Ojú: Nǹkan dúdú kan ń fò lójú mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Obìnrin ẹni ọdún 56 ni mí. Láti bí ọjọ́ mẹ́ta kan ni nǹkan dúdú kan ti ń fò lójú ọ̀tún mi, mo rò pé ẹ̀fọn ni, mo gbá a títí kó tó yé mi pé kò sí ẹ̀fọn kankan níbẹ̀. Tí mo bá wo ògiri funfun ló máa ń hàn jù, tí mo bá sì ní kí n wò ó dáadáa á sá lọ. Lálẹ́ àná tí mo pa iná, mo tún rí i tí nǹkan ń kọ mànà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yẹn. Kò dùn mí rárá. Ọkọ mi ní ọjọ́ orí ni, àbúrò mi ní kí n ra oògùn kán sí i. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

ÌDÁHÙN: Mà, mo ti fèsì ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ tí lẹ́tà yín dé, torí ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé dúró de ìgbà tí ìwé ìròyìn máa jáde: ẹ lọ rí dókítà ojú lọ́jọ́ náà. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ báyìí, fún ẹ̀yin àti fún àwọn tó bá ń rí irú ẹ̀.

Nǹkan kan wà nínú ẹyinjú wa tó rí bíi jẹ́lì, ó mọ́ gaara, bí ìdá 98 nínú 100 ẹ̀ ló jẹ́ omi, àwọn fọ́nrán tín-ín-tín ló wá di omi náà mú. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, jẹ́lì yìí á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn fọ́nrán yẹn á kó jọ, wọ́n á lọ́ mọ́ra, òjìji wọn á sì máa bọ́ sórí rẹ́tínà, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn ojú tó ń gba àwòrán. Òjìji yẹn lẹ̀ ń gbá bí ẹ̀fọn. Ó ń sá torí pé inú ojú yín gan-an ló wà, ibi tẹ́ ẹ bá yí ojú sí ló ń bá yín lọ.

Lẹ́yìn ọdún 50, jẹ́lì yìí sábà máa ń ṣí kúrò lára rẹ́tínà. Ó máa ń yá lára àwọn tí kì í rí ọ̀ọ́kán dáadáa láìsí gíláàsì, àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ kátárátì (ìyẹn nǹkan bíi kùrukùru tó máa ń ṣú sẹ́yìn ọmọlójú), àti ẹni tí nǹkan ti gbá lójú rí. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, á ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ní sí wàhálà, ọkọ yín ò sì parọ́ níbẹ̀yẹn. Àmọ́ níbi tó bá ti lẹ̀ mọ́ rẹ́tínà gírígírí, ńṣe ló máa ń fà á. Rẹ́tínà ò sì mọ ìrora o, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló mọ̀, tí nǹkan bá ti fà á, ohun tó máa sọ fún ọpọlọ ni pé òun rí ìmọ́lẹ̀. Mànàmáná tẹ́ ẹ rí lálẹ́ nìyẹn. Tí fífà yẹn bá pọ̀jù, rẹ́tínà á ya. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí irú èyí bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ fún, ó máa ń tó ẹnìkan tí wọ́n ń bá ibi tó ya lójú ẹ̀, nígbà míì ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ẹnì kan ò sì lè jókòó sílé kó mọ̀ bóyá òun ni ẹni náà.

Yíya nìkan ṣì ṣeé tún ṣe kíákíá, wọ́n á fi lésà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ kan tó lágbára gan-an, tàbí òtútù lẹ etí ẹ̀ pa, èèyàn á sì lọ sílé lọ́jọ́ náà. Tí omi bá ráàyè gba ibi tó ya wọ ẹ̀yìn rẹ́tínà, tó wá ń bó o kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ ti di iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ á rí i bíi pé kọ́tìnì dúdú ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, látòkè tàbí látìsàlẹ̀. Láyé àtijọ́, ìfọ́jú ló máa ń já sí, kó tó di pé dókítà kan ní Switzerland, Jules Gonin, fi hàn ní àwọn ọdún 1920 pé téèyàn bá ti dí ibi tó ya, rẹ́tínà lè padà sáyè ẹ̀. Tí àárín rẹ́tínà tá a fi ń kàwé, tá a fi ń dá ojú èèyàn mọ̀, ò bá tíì ṣí, wákàtí ni kẹ́ ẹ máa kà, ẹ má ka ọ̀sẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti dé bẹ́ẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, ẹ fi ìkejì wo iwájú, kẹ́ ẹ wá pààrọ̀, torí ojú tó dáa máa ń bo àṣìírí ekejì ẹ̀. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ tó ṣàdédé ń rí ẹ̀kán dúdú wẹ́wẹ́ tàbí nǹkan bí èéfín, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sínú ojú, kí òun náà lọ lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ojú ẹ̀ bá pọ́n, tó ń dùn ún, tí ò lè wo iná.

Lọ́dọ̀ dókítà, wọ́n máa kán oògùn kan tó ń la ọmọlójú sílẹ̀, ẹ ó dúró bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó ṣiṣẹ́, ojú á wá ṣú fún wákàtí mélòó kan, torí náà ẹ má fi ara yín wa mọ́tò lọ. Tí wọ́n bá sì ní kò sí nǹkan, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ padà lọ o, nígbà míì ìgbà yẹn ló ń ya.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún 24 ni mí, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń rí nǹkan bí òwú lójú, kò pọ̀ sí i, kò sì lọ. Wọ́n ń polówó oògùn kan pé á fọ̀ ọ́ dànù.

ÌDÁHÙN: Gbówó ẹ sápò jàre. Kò sí oògùn tí wọ́n ń kán sójú tó ń fọ èyí. Àwọn dókítà lè ṣiṣẹ́ abẹ fa jẹ́lì náà jáde, àmọ́ iṣẹ́ abẹ yẹn lè fa kátárátì, ó tún lè ṣí rẹ́tínà, wọn kì í sì í torí òwú méjì mẹ́ta ṣe é. Lọ ṣe àyẹ̀wò ojú lẹ́ẹ̀kan kí ọkàn ẹ balẹ̀, ọpọlọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹ̀ tó bá yá.

ÌBÉÈRÈ: Tèmi ò dúdú, ìlà wọ́gọwọ̀gọ tó ń tàn ni, ojú méjèèjì, bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà orí á máa fọ́ mi.

ÌDÁHÙN: Ó jọ orí fífọ́ tí wọ́n ń pè ní máígírénì, ọpọlọ ni ìyẹn ti ń wá. Tó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí, jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, tí ẹnu tàbí ọwọ́ bá sì tún ń rọ pẹ̀lú ẹ̀, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kó o lọ tààrà.