Ẹ Bi Wá: Ère Tí Wọ́n Fi Ta Àdúgbò Lọ́rẹ

Ìbéèrè: Àdúgbò wa l'Ábẹ́òkúta la ọ̀nà kan lẹ́bàá odò, níbi táwọn èèyàn ti ń rìn, tí wọ́n sì ń sáré láàárọ̀. Ọmọ ìlú wa kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ fi ère símẹ́ńtì mẹ́ta ta wá lọ́rẹ síbẹ̀. Kí ló yẹ ká ṣe ká tó gbà á?

Èsì: Ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pe àlejò pàtàkì tó máa ṣí aṣọ lójú ère. Ìwé àdéhùn ló kàn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ẹni tó ni ère lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹni tó máa tún un ṣe, iye ọdún tó máa lò, àti ohun tí ẹ máa ṣe sí i bó bá fẹ́ wó. Ẹ rántí ẹni tó mọ ère náà pẹ̀lú: òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti ọdún 2022 fún un lágbára láti tako ẹnikẹ́ni tó bá ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lọ́nà tó lè tàbùkù rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kun ère ní ọ̀dà mìíràn, ẹ fi tó o létí.

Owó ìtọ́jú ńkọ́? Bí ère bá ná ọlọ́rẹ ní ₦2,000,000, ẹ ní kó fi ₦200,000 sí àpò ìtọ́jú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005: àtúnṣe kì í tán lára àwọn ère tí Susanne Wenger, Adébísí Àkànjí àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mọ síbẹ̀, nítorí òjò àti ọ̀rinrin abẹ́ igi.

Ìpìlẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti sábà máa ń ṣe é kù. Fún ère tó ga tó mítà 2 lórí ilẹ̀ tó le, ẹ gbẹ́ ihò mítà 1.2 níbùú lóròó, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60. Símẹ́ńtì ìwọ̀n 1, iyanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4; nǹkan bí àpò símẹ́ńtì 6 ló máa gbà. Rọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ti inú ìpìlẹ̀ yọ sókè wọ inú ẹsẹ̀ ère. Ẹ máa bu omi sí i fún ọjọ́ 7, kó sì pé ọjọ́ 28 kí ère tó gun orí rẹ̀. Bí omi odò bá máa ń kún débẹ̀, tàbí tí ilẹ̀ rọ̀, ẹ má fi ìwọ̀n yìí ṣe é. Ẹ pe ẹnjiníà.

Ẹ jẹ́ kí ère fi mítà 1.5 jìnnà sí etí ọ̀nà, kí apá tàbí idà ère kankan má sì nà dé ibi tí ẹni tó ń sáré lè forí gbá.

Ìbéèrè: Ère símẹ́ńtì tiwa ti là lórúnkún, omi pupa sì ń ṣàn níbẹ̀. Ṣé ká fi símẹ́ńtì dí i?

Èsì: Ẹ má tíì dí i. Rọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ló ti dógùn-ún. Irin tó bá dógùn-ún máa ń wú, ìwúsí yẹn ló ń la símẹ́ńtì. Bí ẹ bá dí ojú rẹ̀ lásán, yóò tún là. Ẹ gbẹ́ ibẹ̀ títí tí ẹ ó fi rí ẹ̀yìn rọ́ọ̀dù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí yóò fi dán, ẹ kùn ún ní ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún. Ẹ wá fi símẹ́ńtì 1 sí iyanrìn 3 dí i, kó bo rọ́ọ̀dù tó sẹ̀ǹtímítà 4 ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì máa bu omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí rọ́ọ̀dù bá ti jẹ tó ìdajì, wẹ́dà gbọ́dọ̀ fi òmíràn kún un kẹ́ ẹ tó dí i.

Ìbéèrè: Ṣé ká máa fi Brasso dán ère idẹ wa?

Èsì: Rárá o. Àwọ̀ tó wà lára rẹ̀ ń dáàbò bò ó, Brasso á sì bó o. Omi, ọṣẹ tí kò le àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ti tó. Bó bá gbẹ tán, ẹ fi ìda pa á lára lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Bóòtù tó dì í mọ́lẹ̀ kó jẹ́ stainless, kó sì wà níbi tí olè onírin kò ti ní rí i.